Fífi Drone Wọn Oko: Ẹ Pè É Padà Kí Bátìrì Tó Rẹ̀ Ẹ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi drone (ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú) ya àwòrán oko láti mọ iye hẹ́kítà la kọ ìwé yìí fún. Bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè, ẹ gbà á kí ẹ tó débi oko. Àṣìṣe kan ṣoṣo la wá bá yín sọ, torí òun ló ń já drone bọ́ lọ́tùn-ún lósì: ẹ ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ jìnnà, bátìrì á ti lọ sílẹ̀ kí ẹ tó pè é, ìgbà yẹn ló wá ń dojú kọ atẹ́gùn bọ̀.

Ẹ ṣírò ó. Drone tó ń sáré mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí atẹ́gùn ò fẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 67 ni yóò fi rin kìlómítà kan. Bí atẹ́gùn mítà 8 bá ń bọ̀ níwájú rẹ̀, mítà 7 péré ló kù ún kù. Kìlómítà yẹn kan náà di ìṣẹ́jú àáyá 143. Bátìrì 20% tí ẹ gbójú lé lè tán sórí ọ̀pẹ.

Nítorí náà, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rán an lọ, kí atẹ́gùn lè máa tì í bọ̀ wálé. Tó bá ti ku 35%, ẹ pè é. Bí atẹ́gùn bá le, 45%. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní “ó ku ìlà kan péré,” owó ẹgbẹ́ lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn o.

Ẹ má wo ewé tí kò mì nílẹ̀ kí ẹ ní atẹ́gùn ò sí. Ní mítà 100 lókè, ó sábà máa ń le ju ti ilẹ̀ lọ. Mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn tó ṣe drone Mavic 3 Enterprise ní ó lè fara dà mọ. Tó bá ti kọjá 8, ẹ gbé tiyín sínú àpótí. Ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n polówó pé ó lè fi fò, níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ rárá ni. Ẹ fi 25 ṣètò iṣẹ́ yín.

Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìjì máa ń ti ìlà-oòrùn já wá lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́. Bí ọ̀run bá ṣú níhà ibẹ̀, tí atẹ́gùn tútù sì kọ lù yín lójijì, ilẹ̀ gbalasa tó bá sún mọ́ drone náà jù ni kí ẹ sọ̀ ọ́ sí. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ gbé e. Aago 8 sí 11 òwúrọ̀ la fara mọ́. Àwọn kan fẹ́ ọ̀sán gangan kí òjìji má bàa pọ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wá drone nínú igbó tìtorí òjìji?

Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára drone, ẹ gbé e sí ibòji kó tutù kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 40°C lọ. Ẹ má fi sínú mọ́tò tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa. Tí ẹ ò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, 40 sí 60% ni kí ẹ fi sí. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó gún: èyí tó bá ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ ti wú. Ẹ má fi gbé drone fò mọ́, bó ti wù kó wọ́n tó, ẹ má sì gún un. Inú garawa irin tí yanrìn wà, níta gbangba, ni kí ẹ gbé e sí.