Bí Fáyólíìnì Ṣe Dé Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Aláró ní Ìtòkú

Owó olùkọ́ nìkan kọ́ ló ń lé ọmọ tálákà jìnnà sí fáyólíìnì. Èlò orin náà fúnra rẹ̀ ni. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni fáyólíìnì ń kéré mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó bá ọmọ ọdún mẹ́fà mu kò ní wúlò fún un mọ́ tó bá fi máa pé mẹ́sàn-án. Olówó á tún òmíràn rà. Obìnrin tó ń rẹ aṣọ sínú aró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kò rówó ẹyọ kan, ká má tilẹ̀ wá sọ ti mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ aláró ní fáyólíìnì, mo pinnu pé kò ní sí fáyólíìnì tó máa jẹ́ ti ọmọ kankan. Ti kíláàsì ni gbogbo wọn. Èyí tó bá ti kéré fún ẹnì kan, a ó gbà á padà, a ó fún un ní èyí tó tóbi jù ú lọ, ọmọ mìíràn á sì gba èyí tó fi sílẹ̀.

Yàrá ìkẹ́rùsí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Mo rí fáyólíìnì tí eruku ti bò níbẹ̀, àmọ́ ti àgbàlagbà, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 4/4, ló pọ̀ jù. London ni ti ọmọdé ti wá. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Peckham tọrọ lọ́wọ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ti dàgbà kọjá tiwọn, ó sì fi kágò kó wọn ránṣẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dẹ okùn díẹ̀, kí wọ́n má tú u tán. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fáyólíìnì tí gọ́ọ̀mù kankan kò dì mú. Bí okùn ṣe le ló mú un dúró. Tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ṣubú, ẹni tó sì mọ bí a ṣe ń dá a padà kò wọ́pọ̀.

Káfíńtà àdúgbò bá wa lẹ àwọn tó ti la. Mo ní kó má lo gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń ṣe àga. Gọ́ọ̀mù tí a fi awọ ẹran sè ló yẹ fáyólíìnì, torí ooru àti omi lè tú u lọ́jọ́ tí a bá tún fẹ́ ṣí i.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ mí. Mi ò gbà á, torí ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí mo ní lọ́kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń lọ ni mo lọ bẹ̀, ọ̀gá wọn sì yọ̀ǹda kíláàsì kan. Kété tí wọ́n bá ti jáde la ń bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan péré, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Kò sówó ọkọ̀, kò sì dí kéú lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìyá kan bi mí pé, “Tíṣà, ẹ dákun, ta ni yóò máa bá mi sá aṣọ?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. A fẹnu kò pé kí ọmọ náà máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì ń wá títí dòní. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní ọmọ tálákà tó pa ẹ̀kọ́ jẹ kò nífẹ̀ẹ́ orin. Ọ̀pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ilé ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Mi ò fi ọjọ́ orí yan fáyólíìnì fún wọn. Ọmọ tí kò jẹun kánú lè kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Téèpù aránṣọ ni mo fi ń wọn ọwọ́ òsì tí wọ́n nà gbọọrọ, láti ọrùn dé àárín àtẹ́lẹwọ́: bíi sẹ̀ǹtímítà 47 gba fáyólíìnì ìwọ̀n 1/4, 51 gba 1/2, 56 gba 3/4.

Páálí Indomie la kọ́kọ́ gé ní àwòrán fáyólíìnì, kí wọ́n fi mọ bí a ṣe ń gbé e lé èjìká. Ní Venezuela, nínú El Sistema, ètò ẹ̀kọ́ orin fún àwọn ọmọdé tí José Antonio Abreu dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, àwọn ọmọdé náà ń fi èlò orin oníwèé bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn páálí ni àwọn ọmọ tiwa gba fáyólíìnì gidi, orí okùn kan ṣoṣo ni mo sì kọ́kọ́ fi wọ́n sí. Àwọn bàbá àgbà tó wá wò wá ní gòjé nìyí, inú mi sì dùn sí i. Okùn kan ni gòjé ní, irun ẹṣin la sì ń fi fà á bíi ti fáyólíìnì. Ìlú tí Yusuf Ọlátúnjí ti kọ sákárà, orin tí gòjé máa ń bá rìn, kò ṣàjèjì sí ohùn yẹn. Orin tí àwọn ọmọ mọ̀ nílé ni wọ́n ń kọ lẹ́nu ná, kí wọ́n tó wá a lórí okùn.

Wọ́n ń gbé e relé. Tó bá fọ́, a kì í gba owó ìtanràn, torí ìyá tó ń bẹ̀rù gbèsè kò ní jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Lásìkò ọyẹ́, igi máa ń súnkì, èèkàn tí a fi ń yí okùn á máa yọ̀. Ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ tí a bá fi pa á á jẹ́ kó dúró.

Okùn E, èyí tó tín-ín-rín jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló ń já jù, òun náà la ń náwó lé jù. Ìwọ̀n 1/2 ni kò tó wa báyìí. Àwọn tó ń dúró dè é pọ̀ ju ti ìwọ̀n yòókù lọ. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kọjá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.