Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọkàn Wa Láti Máa Retí Rere

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó ń retí rere ni ẹni tí ń rẹ́rìn-ín nígbà gbogbo, tí kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣòro sétí. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti dá kún ìrora àwọn tí ń fi ipá túra ká nígbà tí inú wọn bàjẹ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni àlàyé tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá yíwọ́, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Martin Seligman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ẹni tí kì í retí rere máa ń ka ìjákulẹ̀ kan ṣoṣo sí ohun tí kò ní tán láé, tí ó ti ba gbogbo ayé òun jẹ́, tí ó sì jẹ́ ẹ̀bi òun nìkan. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò yege nínú ìdánwò ọkọ̀ wíwà. Kí ó tó délé, ọkàn rẹ̀ ti ń sọ pé, "Mi ò mọ nǹkan kan ṣe." Kí ó mú ìwé, kí ó kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bí ó ṣe wá gẹ́lẹ́, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ìgbà tí adájọ́ ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wò. Ṣebí ó wa ọkọ̀ náà lójú títì láìsí àléébù. Ìgbà tí ó ń fi ẹ̀yìn gbé e wọ ààyè ìgbọ́kọ̀sí ni ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Kí ó wá kọ òmíràn sí abẹ́ ti àkọ́kọ́: "Mi ò tíì mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ síbi tó yẹ." Ẹ wo iṣẹ́ ńlá tí "tíì" bíńtín yẹn ṣe! "Mi ò mọ̀" ti ilẹ̀kùn pa. "Mi ò tíì mọ̀" ṣí i sílẹ̀, ó sì tọ́ka sí ohun tí ó kù láti kọ́. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi orí lásán ṣe èyí, nítorí èrò a máa sá pamọ́ títí a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ó lọ dáadáa lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí Seligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, àwọn tí ó ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan péré ṣì ní ayọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kíkọ ìdí yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ó ń jẹ́ kí a rí ipa tí àwa àti àwọn ẹlòmíràn kó nínú ire wa.

Ẹ ṣọ́ra fún àlá ọ̀sán o. Ìwádìí Gabriele Oettingen, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn pé ẹni tí ó kàn ń fojú inú gbádùn àṣeyọrí kì í fi bẹ́ẹ̀ sapá mọ́. Ẹ ronú nípa ohun tí ẹ fẹ́, ẹ dárúkọ ìdènà tí ó ṣeé ṣe kí ó yọjú, kí ẹ sì pinnu ṣáájú pé, "Bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni n ó ṣe."

N kò ní sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé kí ó wá ohun rere jáde nínú ẹkún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún. Bí ìbànújẹ́ bá sì ti wà lára ènìyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí ohun tí ó fẹ́ràn kò sì wù ú mọ́, kí ó lọ rí dókítà. Àìsàn ni ìyẹn lè jẹ́, ìtọ́jú sì wà fún un.