Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi MRI wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan tó ti fún

MRI ni ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara. Àwòrán iṣan tó fún lè dẹ́rù bani gan-an, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Bí iṣan ṣe rí lójú yàtọ̀ sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rí àlàfo dúdú kí ẹ tètè pè é ní iṣan tó ti dí. Nínú àwòrán time-of-flight, tí a máa ń yà láìlo abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ló ń mọ́lẹ̀ yòò. Bó bá já síta láti ojú ibi tó fún, á máa rú, á máa yí bírí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyẹn tí irú àwòrán yìí fi máa ń jẹ́ kí iṣan dà bíi pé ó fún ju bó ṣe fún lọ. Kí a tó dá iṣẹ́ abẹ lábàá, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò mìíràn, bíi ultrasound tàbí CT, jẹ́rìí sí i.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti VENC, torí nọ́ńbà tí kò tọ̀nà máa ń jọ òótọ́. VENC ni iyára tó ga jù tí a ní kí ẹ̀rọ máa retí nínú phase contrast MRI, ìyẹn irú MRI tó ń wọn iyára ẹ̀jẹ̀. Ká ní a fi sí 150 cm/s, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń sáré ní 200, ẹ̀rọ kò ní kọ 200. Á kọ ọ́ bíi pé ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn ní 100! Bí ẹ bá rí ojú dúdú láàárín ibi tó yẹ kó funfun, ẹ gbé VENC sókè, kí ẹ tún un yà. Ẹ má sì gbé e ga jù nítorí ìbẹ̀rù, torí iyára kékeré kò ní hàn dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nínú aorta, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, bó bá fún, a máa ń fi iyára ṣírò ìyàtọ̀ ìfúnpá: iyára lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà 4. Mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 64 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá). Bí a bá ṣì í kà sí 3, á di 36.

Ẹ má gé àwòrán ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dábùú iṣan gan-an. Tó bá jẹ́ iye ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ má wọ̀n ọ́n ní ojú ibi tó fún. Apá tó tọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ jẹ́jẹ́ ṣáájú ibẹ̀, ló dára, bí ẹ̀ka kankan kò bá yà láàárín.

Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ má fi àìsàn kíndìnrín pamọ́, torí gadolinium, oògùn tí wọ́n máa ń gún síni lára kí àwòrán lè hàn dáadáa. Bí wọ́n bá máa fi adenosine ru ọkàn sókè, ẹ má mu kọfí tàbí tíì ṣáájú, nítorí kaféènì máa ń dènà iṣẹ́ oògùn náà. Òòfà ẹ̀rọ náà kì í kú, kódà bí wọn kò bá ya ẹnikẹ́ni; nítorí náà, ẹ sọ fún wọn nípa gbogbo irin tó wà lára yín kí ẹ tó wọlé.

Ẹ má gbàgbé stent, ọ̀pá irin kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú iṣan kó lè ṣí sílẹ̀. Irin rẹ̀ lè sọ inú iṣan tó ṣí sílẹ̀ di dúdú lójú àwòrán. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, kí ẹni tó máa ka àwòrán lè mọ ibi tí wọ́n fi í sí.