Tẹ́ ẹ bá ń dá wẹ́dìn kọ́, irin tó ń yọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá iṣẹ́ wẹ́dà kọ́ fúnra wọn ní Ìkòròdú níbí, iná tó ń kọ mànà yẹn ni wọ́n máa ń tẹjú mọ́, wọn kì í rí irin tó ń yọ́ lábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ojú lẹ máa kọ́kọ́ dáàbò bò. Díńgí dúdú nọ́ńbà 10 tàbí 11 ni kó wà nínú ṣíìdì yín, ìyẹn ìbojú wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi gógù òòrùn tí wọ́n ń tà ní gáréèjì jó irin o, tó bá dòru ojú á máa ta yín, á máa ṣomi, ẹ ò sì ní lè sùn. Aṣọ òwú ọlọ́wọ́ gígùn, gílọ́ọ̀fù tó gbẹ, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Táńkì tàbí dúrọ́ọ̀mù tó ti gba bẹntiróòlù rí, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ẹ wá àgékù irin, Owódé Onírin ò kúkú jìnnà, àwọn wẹ́dà àdúgbò náà sì máa ń ní èyí tí wọn ò lò mọ́. Kó nípọn tó mílímítà 4 tàbí 5, torí irin fẹ́lẹ́ á kàn máa lu mọ́ yín lọ́wọ́ ni, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ni àbí irin. Ẹ ha ìpẹtà àti ọ̀dà ẹ̀ kúrò kó máa dán, títí kan ibi tí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn kílípù wáyà máṣíìnì tó ń di irin mú, máa gbá mú.

Electrode ni igi wẹ́dìn tá a fi ń jó irin. 6013, gauge 12, ìyẹn mílímítà 2.5 ní sísanra, ló rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ yí kọ́rẹ́ǹtì máṣíìnì sí bíi ámpù 70 sí 80. Àwa tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ wa lómi, páálí electrode tẹ́ ẹ bá ti tú, inú ike tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ kó o sí.

Ẹ ṣá electrode lójú irin bí ẹni ṣá ìṣáná, tó bá ti mú iná ẹ gbé e sókè díẹ̀, kó má ju sísanra electrode yẹn lọ. Tó bá lẹ̀, ẹ yí ọwọ́ síbí sọ́hùn-ún kíá, tí ò bá já ẹ ṣí ẹnu họ́dà tó di electrode mú.

Wàyí o, ẹ wo ẹ̀yìn iná. Ẹ máa rí irin yíyọ́ tó ń dán, ẹ máa rí ìdàrọ́, ìyẹn èérí tó léfòó lórí ẹ̀, tó ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ dẹ orí electrode síhà ibi tẹ́ ẹ ń lọ díẹ̀, bíi dìgíríì 10 sí 15, kí iná lè máa ti ìdàrọ́ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì máa rìn níwọ̀n tí ìbú irin yíyọ́ yẹn á fi tó ìlọ́po méjì electrode. Tó bá ń dún ṣàààà láìdáwọ́ dúró, ó ti ń bọ́ sí i. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ojú máṣíìnì nìkan, torí iná mànàmáná wa níbí, tí gbogbo àdúgbò bá ti tan nǹkan lálẹ́ ó máa ń lọọlẹ̀, 80 yín ò ní jẹ́ 80 mọ́, wáyà tínínrín tó gùn náà ń fà á wálẹ̀. Irin yíyọ́ ò ní purọ́ fún yín.

Tó bá tutù, ẹ gbá ìdàrọ́ kúrò, kẹ́ ẹ wo ìlà tẹ́ ẹ jó dáadáa. Tó bá ga ṣókóṣókó lójú irin, kọ́rẹ́ǹtì kéré. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ wọlé, ó pọ̀ jù. Tó bá tínínrín, ẹ ti sáré. Ihò wẹ́wẹ́ sì rèé, electrode ti gba omi, tàbí ìpẹtà wà níbẹ̀, tàbí ẹ gbé e ga jù.

Ìlà gbọọrọ lórí irin títẹ́ lẹ máa fà títí gbogbo ẹ̀ á fi jọra. Lẹ́yìn náà ẹ gbé irin kan dúró lórí èkejì, ẹ jó ẹ̀gbẹ́ kan péré, kẹ́ ẹ wá fi òòlù lù ú wó sápá ibi tẹ́ ẹ jó. Tó bá ṣí tẹ́ ẹ ṣì rí ojú irin àtijọ́ lábẹ́ ẹ̀, kò wọlé, ẹ tún un ṣe. Ìgbà tó bá ń tẹ̀ láìjá lẹ tó lè bọ́ sórí electrode tó nípọn ju ìyẹn lọ, gauge 10, bíi ámpù 90 sí 120, àti irin tó dúró lóòró, èyí tẹ́ ẹ máa jó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.