Subnet méjì, switch kan: bí mo ṣe ń là ọ̀nà láàárín wọn

Ilé ìwé kan lẹ́yìn ọjà Sábó ní Ìkòròdú ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wà ní subnet kan (agbo àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì), 192.168.10.0/24, tàwọn ọmọ wà ní òmíràn, 192.168.20.0/24, printer kan ṣoṣo tó dára sì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Màmá akápò ní òun ò lè máa gbé flash sáré sókè sódò mọ́. Switch layer 3 (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, tó sì tún lè la ọ̀nà láàárín subnet) sì rèé lára ògiri, tí wọ́n ń lò bíi switch lásán.

Tó bá jẹ́ Cisco, ip routing lẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo ìyókù á wà létòlétò, subnet kan ò sì ní rí èkejì. Ẹ dá vlan 10 àti vlan 20 sílẹ̀ (VLAN ni ìpín tí a fi ń ya switch kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), ẹ pín àwọn port, ìyẹn ojú ihò wáyà, sí wọn. Ẹ wọ interface vlan 10 (ẹnu ọ̀nà VLAN náà lórí switch), ẹ tẹ ip address 192.168.10.1 255.255.255.0, kí ẹ fi no shutdown tẹ̀lé e. Bákan náà ni fún 20. Bí kò bá sí ohun tó tàn lójú port VLAN kan, interface rẹ̀ ò ní dìde. Ẹ má wulẹ̀ làágùn. Àdírẹ́sì méjì yẹn ni gateway àwọn kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n ń gbà jáde kúrò nínú subnet wọn. Ti router, àpótí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, kọ́ o! Ọmọṣẹ́ mi ṣe àṣìṣe yẹn lórí kọ̀ǹpútà mọ́kànlá.

Bí ping (ìdánwò bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dá òmíràn lóhùn) bá kọ̀ lórí Windows, ẹ wo firewall rẹ̀, olùṣọ́ tó ń dí àlejò, kí ẹ tó fọwọ́ kan switch.

Ó wá ku íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo. Mo fi vlan 99 so switch mọ́ router: 192.168.99.2 fún switch, 192.168.99.1 fún router. Mo tẹ ip route 0.0.0.0 0.0.0.0 192.168.99.1 sórí switch, pé ohun tí kò bá mọ̀nà rẹ̀, kó gbé e fún router. Kò lọ. Mo ti ń ṣépè fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn kí n tó rí i pé ọwọ́ mi ni: ìbéèrè ń jáde, èsì ni ò mọ̀nà ilé. Router ò mọ ibi tí 192.168.10.0 wà. Lórí router, ẹ tẹ ip route 192.168.10.0 255.255.255.0 192.168.99.2, ẹ ṣe ti 20 náà, kí ẹ sì rí i pé NAT (ohun tó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì abẹ́lé sí ti íntánẹ́ẹ̀tì) gba méjèèjì.

Àwọn ọmọ ti lè dé ọ́fíìsì báyìí o. Ẹ fi access-list (àkọsílẹ̀ ohun tó lè kọjá àti ohun tí kò lè kọjá) dí wọn, ṣùgbọ́n kí ìlà tó gba printer láàyè ṣáájú, torí láti òkè ni switch ti ń kà á.

Ẹ tẹ copy running-config startup-config lójú ẹsẹ̀, kí iṣẹ́ yín lè wà ní ìpamọ́. Èmi ní kí n kọ́kọ́ mu gààrí. Wọ́n mú iná lọ, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ip routing.