Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Eczema Kó Má Baà Máa Padà Wá

Bí eczema, àrùn awọ tó máa ń yún, bá ń padà sára ẹni ní gbogbo ìgbà, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé oògùn náà ni kò dára. Ìpara ọlọ́ràá ni a kò lò tó, oògùn sì ni a tètè pa tì nígbà tí yíyún rọlẹ̀. Awọ eléczema dà bí ìkòkò amọ̀ tó ti sán: omi inú rẹ̀ ń jò jáde, ọṣẹ, eruku àti kòkòrò àìfojúrí sì ń gba ojú sísán náà wọlé. Ìyẹn ló ń mú kí ara wú kó sì máa yún. Bí a bá ti họ ọ́, ojú sísán náà á tún là sí i, yíyún á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dermatitis táwọn dókítà máa ń kọ sínú ìwé kò yàtọ̀ sí i. Kì í ràn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lára yín

Èyí tó wọ́pọ̀ jù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, pàápàá nínú ìdílé tí ikọ́ fée ti wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ló ti máa ń yọ. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, á kó lọ sí inú ìgunpá níbi tí apá ti ń ká, ẹ̀yìn orúnkún àti ọrùn. Pípọ́n tí wọ́n fi ń júwe rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ lè dúdú ju ibi tó kù lọ, ó lè dà bí eérú, ó sì lè yọ kókó wẹ́wẹ́ yí ìdí irun ara ká. Ẹ fọwọ́ pa á wò: bó bá gbóná, tó nípọn, tó ń ha ọwọ́, ìyẹn ṣeé gbára lé ju àwọ̀ lọ.

Irú kejì ń tẹ̀lé ohun tó kan ara, ibi tó yọ sí ló sì máa ń tú àṣírí rẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ ìdodo níbi tí irin bẹ́líìtì ń fara kàn, tàbí létí tó wọ yẹtí, ẹ fura sí níkẹ́lì inú irin. Bó bá yọ létí irun lẹ́yìn tí a pa irun láró, aró náà ni. Ọwọ́ ẹni tó ń fọ nǹkan látàárọ̀ dalẹ́, omi àti ọṣẹ ló ń bá a jà. Bí a kò bá yẹra fún ohun tó fà á, kò sí ìpara tó máa wò ó sàn.

Ohun méjì ń fara wé e tí a kò gbọ́dọ̀ fi oògùn eczema nìkan tọ́jú. Lápálápá yí po bí òrùka, àárín rẹ̀ sì máa ń mọ́. Bí ẹ bá fi steroid, oògùn tó ń pa wíwú, pa á, yíyún á dá fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á ràn kárí ibẹ̀. Èyí tó sì ń yún jù lóru, láàárín ìka ọwọ́, tí àwọn ará ilé náà ń họra, kúrúnà ni ẹ máa fura sí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi han dókítà kí ẹ tó fi oògùn kankan kàn án.

Wíwẹ̀

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìṣẹ́jú 5 sí 10, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Lóòótọ́, omi gbígbóná máa ń dùn mọ́ ara tó ń yún, ṣùgbọ́n ó ń fọ ọ̀rá ara dànù, kò sì ní pẹ́ tí yíyún á fi padà. Ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi mọ sí abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ má fi kànìnkànìn ha ara. Aṣọ ìnura ni kí ẹ fi tẹ omi náà gbẹ, kí ara ṣì tutù díẹ̀.

Ìpara, kó tó

Láàárín ìṣẹ́jú 3 tí ẹ kúrò nínú omi ni kí ẹ ti fi ìpara bo gbogbo ara, kì í ṣe ibi tó ń yún nìkan. Ìpara tó ki, tó sì lọ́ràá, tí kò ní lọ́fínńdà, dára ju èyí tó ń ṣàn bí omi lọ. Ẹ fi ṣíbí bù ú kúrò nínú ike kí ọwọ́ má baà kó kòkòrò sí i, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ fà á sí ìhà tí irun ara ń sùn sí, nítorí fífi ọwọ́ yí i po lè dí ihò irun. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, títí kan ìgbà tí ara bá dán.

Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: bí ara bá gbẹ káàkiri, ọmọdé á lo gíráàmù 250 sí 500 lọ́sẹ̀ kan, àgbàlagbà á sì lo bíi 500. Ẹni tí ike kékeré ń tó fún oṣù kan kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Òróró ólífì tí ọ̀pọ̀ ń yìn, ẹ fi sílẹ̀; ó máa ń ba awọ jẹ́ sí i. Kí ẹ sì rántí pé aṣọ tí ìpara ọlọ́ràá ti mu máa ń tètè gbiná, nítorí náà ẹ jìnnà sí iná àti sìgá.

Steroid

Ìpara kì í pa wíwú tó ti bẹ̀rẹ̀. Steroid ló ń ṣe é. Hydrocortisone 1% kò lágbára púpọ̀, òun ni wọ́n sábà máa ń fún ojú àti ọmọ kékeré. Betamethasone valerate 0.1% lágbára gan-an, clobetasol 0.05% tún wá ju ìyẹn lọ. Dókítà ló yẹ kó yan èyí tó bá ibi tó yọ sí mu.

Ìka àgbàlagbà ni òṣùwọ̀n. Ẹ tẹ oògùn jáde láti orí ìka ìlábẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́. Ìyẹn jẹ́ bí ìdajì gíráàmù, ó sì tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀. Fún àgbà, bó bá kárí ọwọ́ kan, ìka 1 ni. Ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, 2. Apá kan, 3. Itan dé ọrùn ẹsẹ̀, 6. Ẹ jẹ́ kí bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 wà láàárín oògùn àti ìpara.

Ẹ̀rù pé awọ á di tín-ín-rín ló ń mú kí àwọn kan fi oògùn tọ́ ara wò lásán, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta. Òótọ́ ni pé ó lè ṣẹlẹ̀, bí èyí tó lágbára bá pẹ́ lára, pàápàá lójú àti lábẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dáwọ́ dúró kí ibẹ̀ tó dán lábẹ́ ìka, wíwú ṣì wà nísàlẹ̀. Bí ibì kan ṣoṣo bá ń padà yọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí ẹ máa fi pa ibẹ̀ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tó ti jiná.

Híhọ àti ohun tó ń ru ú

Ẹ gé èékánná kúrú. Bó bá ń yún, ẹ fi aṣọ tútù tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dípò kí ẹ họ ọ́. Aṣọ òwú ni kó kan ara. Aṣọ onírun àti òógùn máa ń ru ú. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò lára aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe gba oúnjẹ kankan lọ́wọ́ ọmọ láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìyẹn lè dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró. Fún èyí tó ń wá látara nǹkan tó kan ara, dókítà awọ lè lẹ àwọn nǹkan tí ẹ ń fura sí mọ́ ẹ̀yìn yín fún wákàtí 48, kó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì míì.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró

Bí ibẹ̀ bá ń ṣomi, tó ní èépá aláwọ̀ ìyeyè tàbí ọyún, kòkòrò ti wọ̀ ọ́; ẹ lọ rí dókítà. Èyí tó léwu jù ni kí èléròrò kéékèèké tó jọra yọ lójijì, kí wọ́n máa dun èèyàn dípò kí wọ́n máa yún, kí wọ́n bẹ́ di ihò róbótó, kí ibà sì bá a rìn. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, pàápàá bó bá sún mọ́ ojú.

Àmì tó kù

Lẹ́yìn tí ó bá jiná, ibẹ̀ lè dúdú tàbí kó funfun ju ara tó kù lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kì í ṣe eczema mọ́, kò sì nílò steroid. Ẹ má fi ìpara abóra pa á, nítorí steroid alágbára máa ń wà nínú àwọn kan láìsí lára àkọlé rẹ̀. Ìpara ọlọ́ràá kan náà ni kí ẹ máa bá lọ, kí ẹ sì dáàbò bo ibẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.