Ọjọ́ kan ní Chichén Itzá, Valladolid àti Izamal: ìrírí èmi àti Màámi

Mérida ni kí ẹ dé sí o, ẹ má dé sí Cancún. Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ ń fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè nípa Chichén Itzá nìyẹn, ahoro ìlú àtijọ́ àwọn Máyà, onílẹ̀ apá Yucatán ní Mẹ́síkò. Àwa tí à ń gbé Amẹ́ríkà, bí a bá ti gbọ́ Mẹ́síkò, etíkun Cancún ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti Cancún, ọ̀nà Chichén Itzá tó nǹkan bíi 200 kìlómítà. Kí bọ́ọ̀sì tó débẹ̀, oòrùn á ti mú, èrò á sì ti kún bí ọjọ́ ọjà. Láti Mérida, nǹkan bíi 120 ni. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la gbéra. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí géètì ní aago mẹ́jọ, a ti wà lórí ìlà.

Èmi àti Màámi la jọ lọ. Wọ́n wá kí mi ní Houston láti Ìṣẹ́yìn. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá rìn pẹ́. Físà Amẹ́ríkà tó wà nínú ìwé ìrìnnà wọn ni wọ́n fi wọ Mẹ́síkò, èmi fi green card mi wọlé. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà lọ́wọ́ yín tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, wọn kò ní bi yín ní físà mìíràn.

Ibi tí mo ti rí wàhálà ni wíwá ẹni tí yóò mú wa lọ. Ilé iṣẹ́ kan tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì gba àsansílẹ̀ owó lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kò sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ó ku ọ̀la ni wọ́n tó sọ pé owó ìwọlé kò sí níbẹ̀, pé èèyàn ogójì ni yóò wà nínú ọkọ̀, pé a ó sì lo wákàtí kan ààbọ̀ ní ilé ìtajà kan lójú ọ̀nà. Mo fagi lé e, àsansílẹ̀ náà sì wọlẹ̀. Obìnrin tó ni ilé tí a dé sí ló bá mi pe afinimọ̀nà kan, ọmọ Máyà láti abúlé kan nítòsí Valladolid, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí káàdì ìjọba tí wọ́n fi ń dá afinimọ̀nà mọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà péré la wà nínú ọkọ̀. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í bóyá owó ìwọlé wà nínú iye tó pè, ẹ bi í pé èèyàn mélòó lẹ ó jẹ́, kí ẹ sì bi í pé wákàtí mélòó lẹ ó lò nínú ahoro ìlú náà gan-an. Bí èyí tó kẹ́yìn yìí kò bá tó wákàtí méjì ààbọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n ń rà lẹ́nu ọ̀nà, ní fèrèsé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Yucatán, èkejì jẹ́ ti INAH, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Méjèèjì pa pọ̀ lé ní 600 peso fún àlejò kan nígbà tí a lọ. Ẹ mú owó peso dání. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú, torí ọ̀fẹ́ ni fún àwọn ọmọ Mẹ́síkò lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ kì í gbèrò. Ẹ dé akẹtẹ̀, kí ẹ sì ru omi. Ibi tí òjìji wà kò pọ̀.

Bí a ti jáde láti abẹ́ igi báyìí, òun nìyẹn níwájú wa: píráḿídì Kukulkán, tí àwọn ará Sípéènì sọ ní El Castillo. Ó ga tó 30 mítà, ó dá dúró lórí pápá tó tẹ́ rẹrẹ. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gùn ún mọ́. Àtẹ̀gùn 91 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ó wá ku ìgbésẹ̀ kan lókè: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 365. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá gùn dọ́gba, òjìji ìrọ̀lẹ́ máa ń ya ara ejò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn apá àríwá, títí yóò fi kan orí ejò tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ sísàlẹ̀. Ejò abìyẹ́ ni ìtumọ̀ Kukulkán. Afinimọ̀nà wa dúró síwájú àtẹ̀gùn, ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Gbohùngbohùn tó padà wá kì í ṣe ohùn àtẹ́wọ́. Ohùn ẹyẹ ni, ó ké ṣíoọ́, bíi quetzal, ẹyẹ tí àwọn Máyà ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ọba. Màámi ní kí ó tún un pa. Ó tún un pa nígbà mẹ́ta.

Ibẹ̀ ni ohun tí n kò ní gbàgbé láéláé ti ṣẹlẹ̀. Afinimọ̀nà wa ń ṣàlàyé bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń kọ òǹkà: àmì tó-tò-tó fún oókan, ìlà gbọọrọ fún aárùn-ún, ìkarahun fún òfo. Ó ní ogún-ogún ni wọ́n ń kà á. Màámi ní kí n bi í bí wọ́n ṣe ń pe ogún. Ó ní jun k'áal. Ogójì ńkọ́? Ka' k'áal. Ọgọ́ta? Óox k'áal. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: ogún kan, ogún méjì, ogún mẹ́ta. Màámi wò mí, wọ́n tún wo ọmọkùnrin náà, wọ́n ní, "Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ta ló kọ́ wọn ní tiwa?" Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa náà ń kà á nílé, pé ọgọ́rùn-ún wa jẹ́ ogún márùn-ún. Ó ní tiwọn náà ni, ho' k'áal. Ó ní a ti mú òun rántí ìyá ìyá òun. Pé àwọn ọmọ òun, bí wọ́n bá ti ka ẹẹ́rin tán, èdè Sípéènì ni wọ́n ń bọ́ sí. N kò lè dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ mẹ́ta l'Ékòó, kò sí èyí tó lè ka àádọ́ta ní Yorùbá nínú wọn.

Èdè wọn náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Miis ni ológbò, míis ni ìgbálẹ̀. Màámi pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gbà á.

Pápá eré bọ́ọ̀lù wọn gùn ní 168 mítà, ó fẹ̀ ní 70. Òrùka òkúta wà lára ògiri ní nǹkan bíi mítà mẹ́fà sókè, bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n ń fi ìbàdí gbá sì ni. Lára ògiri ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹnìkan tí wọ́n ti bẹ́ lórí sí, tí ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń di ejò, tó sì ń di ewéko tó ń yọ òdòdó. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

Láti pápá títóbi yẹn, ọ̀nà kan wọ inú igbó lọ sí omi mímọ́ wọn. Kò sí odò lórí ilẹ̀ ní apá ibẹ̀ rárá. Òkúta funfun tí omi ń jẹ ni ilẹ̀ wọn, òjò tó bá rọ̀ á rì sísàlẹ̀, á máa ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí òrùlé òkúta náà bá sì ti já, omi á hàn: ts'onot ni Máyà ń pè é, ìyẹn ni ará Sípéènì sọ di cenote. Èyí tí a lọ wò fẹ̀ tó 60 mítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rúbọ sí Chaac tó ni òjò. Ní 1904, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edward Thompson, bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wúrà, òkúta iyebíye jéèdì àti egungun èèyàn ló ń gbé jáde, ó sì kó púpọ̀ nínú wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ní Yunifásítì Harvard. Díẹ̀ ti padà wálé, púpọ̀ kò tíì padà. Màámi kò bèèrè ohunkóhun níbẹ̀. Wọ́n kàn kúnlẹ̀ díẹ̀ létí okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà, wọ́n ní, "Omi yìí lẹ́ni tó ni ín."

Bí a ti ń jáde, igi ńlá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀gún lára èèpo rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ògiri. Màámi ló kọ́kọ́ rí i: "Àràbà rèé!" Òótọ́ ni, àràbà ni. Ya'axche' ni Máyà ń pè é, igi mímọ́ ni lọ́wọ́ wọn, òun ló fi gbòǹgbò di ayé ìsàlẹ̀ mú tó fi ẹ̀ka gbé ọ̀run dúró. Ní Cuba pàápàá, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sóko ẹrú rí igi yìí níbẹ̀, wọn kò sì fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ la kúrò. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ń já èrò sílẹ̀.

Valladolid kò ju nǹkan bíi 45 kìlómítà lọ sí i. Ìlú Máyà kan tó ń jẹ́ Zací ló wà níbẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó tẹ̀dó lé e ní 1545. Ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi, ṣọ́ọ̀ṣì, gbàgede tí igi ṣíji bò, ó dára lójú. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti pa Manuel Antonio Ay, ọ̀kan nínú aṣáájú Máyà, ní oṣù Keje 1847, ogun àárín àwọn Máyà àti ìjọba sì bẹ́. Ìjọba kò rí ìlú tí àwọn Máyà fi ṣe olú wọn gbà títí di 1901. Oúnjẹ ọ̀sán la jẹ: cochinita pibil, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ọsàn kíkan àti achiote pupa pa lára, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, tí wọ́n rì mọ́ inú ihò iná. Ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni habanero, ẹbí ata rodo wa gan-an. Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé láti apá ayé yẹn ni ata àti àgbàdo ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Cenote kan wà láàárín ìlú níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn wẹ̀. Bí ẹ ó bá wọ̀ ọ́, ẹ má fi ìpara sára, kò dára fún omi.

Ọ̀nà wákàtí kan ààbọ̀ la fi dé Izamal. Àwọ̀ ìyeyè ni gbogbo ilé ìlú náà. Ilé àwọn àlùfáà Franciscan, tí wọ́n parí ní 1561, dúró lórí ìdí píráḿídì kan tí wọ́n wó, òkúta píráḿídì náà ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní àrẹ́kì 75, ẹnu ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Afinimọ̀nà wa gbé ọwọ́ lé ògiri, ó ní, "Tiwa ni òkúta yìí." Kò bínú sọ ọ́.

Diego de Landa, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà, ló darí kíkọ́ rẹ̀. Òun kan náà ló dáná sun ìwé àwọn Máyà ní ìlú Maní ní 12 oṣù Keje 1562. Mẹ́rin péré la mọ̀ pé ó kù lónìí: ọ̀kan ní Dresden, ọ̀kan ní Madrid, ọ̀kan ní Paris, ọ̀kan ní Mẹ́síkò. Àmì ìkọ̀wé díẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dà kọ nígbà tó yá wà lára ohun tí Yuri Knorozov, onímọ̀ ará Soviet, fi rí ọ̀nà ka ìkọ̀wé Máyà ní 1952. Ère Landa ṣì wà nínú ìlú. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń ro Odù 256 tó wà lórí àwọn babaláwo, tí iná kò lè dé ibi tó wà. Àwọn wọ̀nyí ní tiwọn jókòó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ó dùn mí dé egungun.

Màámi jókòó sábẹ́ àrẹ́kì, mo wá gun Kinich Kakmó, ọ̀kan nínú àwọn píráḿídì tó kù láàárín ìlú, tí ilé àwọn aráàlú yí ká. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń jẹ́ kí a gùn ún. Òkúta àtẹ̀gùn rẹ̀ kò tẹ́jú, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Láti òkè, ilẹ̀ kàn tẹ́ lọ ni, igbó títí kan ojú ọ̀run, kò sí òkè kankan.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó padà sí Mérida. Mo rò pé Màámi ti sùn lẹ́yìn ọkọ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn. Ọmọkùnrin náà ń wa ọkọ̀, ó ń pe jun k'áal, Màámi ń pe ogún. Ó pe ka' k'áal, wọ́n pe ogójì. Nígbà tí wọ́n dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n ní kí ó wá pe ti Yorùbá báyìí, kí àwọn pe ti Máyà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ogún.